Ìgò Kan Tí Màámi Ò Mu

Èmi ni mò ń ta mọ́ọ̀tì ní àdúgbò wa ní Ìkìrun, èmi náà ni mo sì ń kọ́ àwọn oníbàárà mi bí wọ́n ṣe ń mu ún. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo ní kó pò ó mọ́ mílíìkì inú agolo. Ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Ẹni tó ń lọ kí aláìsàn ní ọsibítù, kó tó la ẹnu ni mo ti ń wá ọ̀rá tí mo máa kó o sí. "Ẹ̀jẹ̀ ló ń fúnni," bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wí, bí ẹni pé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ aráyé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn ni mo ṣe ń sọ ọ́. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológìnní níjà. Tèmi tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í ṣe èmi tí mo pè é níjà ni ológìnní náà gbá mú.

Màámi ló gbá mú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, Òkúkù ni wọ́n ń gbé. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí ìyá tó bí mi fi kú, Màámi sì wá sí Ìkìrun, wọ́n pọ̀n mí, wọ́n gbé mi lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí kò dúró. Èmi ni mo dúró. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n fi yé mi pé kì í ṣe àwọn ló bí mi.

Ẹsẹ̀ ni Màámi fi tọ́ mi. Ata àti ilá ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó kí àwọn àgbẹ̀ gbé e wá bá wọn. Wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko lọ́nà Ìbà, wọ́n á ra ata nídìí ẹ̀, wọ́n á sì rù ú bọ̀ wá sí ọjà Òkúkù. Nígbà tí mo bá tẹ̀ lé wọn, mo ní láti máa sáré kí n tó lè bá wọn rìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn le débi pé ẹ̀gún á ṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ kó tó ráyè wọlé. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n dúró de ọkọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹsẹ̀ mi ni mọ́tò mi, kì í sì í mu epo."

Oúnjẹ wa nígbà náà kò ju ti tálákà lọ. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, tàbí ẹ̀wà. Tí a bá wà lóko, iṣu sísun àti epo. Tó bá di alẹ́, ọkà àti ẹ̀fọ́ tí ẹja inú ẹ̀ kò tó nǹkan. Míńrà? Ó di ọdún Kérésì. Ìgò kan ṣoṣo ni, èmi àti Màámi la jọ ń mu ún, wọ́n á fi kan ẹnu lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ó ń ta àwọn lọ́fun, kí n máa mu ìyókù. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kò ta wọ́n lọ́fun. Ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n ni mo pinnu pé bí Ọlọ́run bá gbé mi dé ibì kan, ẹnu Màámi á máa dùn lójoojúmọ́ ayé wọn.

Ọlọ́run gbé mi dé ibì kan. Mo lọ́kọ ní Ìkìrun, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọjà sì tà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo gba agbọ̀n ata lórí Màámi. Mo ní ìtìjú ni kí àwọn èèyàn máa rí ìyá mi lọ́nà Ìbà pẹ̀lú ẹrù. Mo ra àga onítìmùtìmù kan, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, mo ní, "Màámi, ẹ jókòó. Ẹ ti ṣe tiyín." Gbogbo àdúgbò ń yìn mí. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, pé mo ṣe bí ọmọ. Orí mi wú. Màámi, tí wọn kò jókòó rí láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, jókòó nítorí pé èmi ni mo ní kí wọ́n jókòó.

A kì í ṣáà fọwọ́ lásán lọ kí àgbà. Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ sí Òkúkù, ẹrù mi kì í sì í kéré: páálí mọ́ọ̀tì kan, mílíìkì agolo mẹ́fà, bísíkíìtì. Tí ọkọ̀ bá dúró ní Inísà, màá na ọwọ́ jáde lójú wíńdò, màá ra búrẹ́dì gbígbóná, èyí tó funfun tó sì dùn, tó rọ̀ tí kò ní fún eyín Màámi ní wàhálà. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù yìí ni àwọn ará ilé iwájú á ti máa kí mi. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn ìkíni yẹn.

Nígbà àkọ́kọ́, Màámi ní, "Ọmọ mi, omi inú àmù tó mi."

Mo ní, "Omi kẹ̀? Omi ò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, Màámi. Ẹ mu ún, kí ara yín lè jí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mu ún. Wọn kò fẹ́ kí ojú tì mí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ fún ọdún mélòó kan. Nígbà tó yá, Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Egungun ọrùn wọn yọ. Ó ń rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ṣáá, wọ́n wá ní kí a gbé àmù wá sí ẹ̀gbẹ́ àga, bí wọ́n bá sì ti mu omi, wọ́n á dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Kí ni èmi ọlọ́gbọ́n rò? Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ò sí lára wọn. Mo sọ páálí kan di méjì. Mo fi gúlúkóòsì kún un.

Ọjọ́ Àìkú kan, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n fi páànù yí ká fún ìwẹ̀ àti ìtọ̀. Èèrà bo gbogbo ilẹ̀. Wọ́n ṣù jọ síbi tí omi ń gbà ṣàn jáde, wọ́n tò lọ sí ìdí ògiri. Mo dúró, mo wò ó, inú bí mi. Mo padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ̀ ń da mọ́ọ̀tì mi nù ni?"

"Mọ́ọ̀tì wo?"

"Èèrà ti bo ẹ̀yìnkùlé. Èèrà kì í ṣù jọ sórí omi lásán. Tí ẹ ò bá fẹ́ ohun tí mò ń gbé wá, ẹ sọ fún mi. Àwọn ìyá ẹlòmíì ò rí i mu o!"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí ọmọ gbá létí. Wọ́n ní, "Mo fi orúkọ Ọlọ́run búra, gbogbo ẹ̀ ni mo mu. Ìwọ lo gbé e wá. Ṣé màá wá dà á nù ni?"

Mo pòṣé. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pòṣé sí Màámi. Mo wá kẹrosíìnì, mo dà á sórí àwọn èèrà náà, mo fi eérú bò ó, mo sì fi ìgbálẹ̀ gbá a kúrò. Àwọn àgbà ti mọ ohun tí èèrà ń wí kí wọ́n tó kọ́ ọsibítù kankan sí ìlú wa: ibi tí èèrà bá ti ń wá ìtọ̀ ènìyàn kiri, àtọ̀gbẹ ló wà nínú ilé yẹn. Mo ti gbọ́ ọ ní kékeré, lóko lọ́nà Ìbà, lẹ́nu àwọn tí à ń ra ata lọ́wọ́ wọn. Ojú Màámi kò rí èèrà mọ́ nígbà yẹn. Èmi tí mo rí i, mo gbá ẹ̀rí dànù.

Láti ọjọ́ náà, Màámi kò mu mọ́ọ̀tì lẹ́yìn mi nìkan mọ́. Bí mo bá ti dé, wọ́n á ní kí n ṣí ọ̀kan. Wọ́n á da mílíìkì sí i, wọ́n á mu ún tán lójú mi, wọ́n á wá da ife dé kí n rí i pé kò ku ẹ̀kán kan. Wọ́n á ní, "O rí i?" Èmi náà á ní, "Mo rí i, Màámi. Ẹ ṣé." Tí mo bá rántí ife tí wọ́n ń dà dé yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí ilẹ̀ lanu.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin ìjọ wọn tó ń bá wọn gbé pè mí lórí fóònù pé Màámi ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gba ọ̀kadà débẹ̀, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Inísà. Nọ́ọ̀sì gún wọn níka, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ̀, ó tún gún ìka mìíràn. Ó ní àtọ̀gbẹ ni, pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga kọjá ààlà. Ó wá bi wọ́n pé, "Mà, ṣé ẹ máa ń mu nǹkan dídùn? Ṣúgà? Míńrà?"

Màámi la ẹnu. Èmi ni mo dáhùn.

"Rárá o. Wọn kì í mu míńrà rárá. Ṣúgà díẹ̀ tí wọ́n ń fi sínú ògì náà nìyẹn."

Mi ò parọ́ fún un. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí irọ́ ṣì ṣeé tọrọ àforíjì fún. Lójú mi, míńrà, fàájì ni. Mọ́ọ̀tì, oògùn ni. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi pàápàá, ọ̀tọ̀ ni ibi tí míńrà wà. Àárín mílíìkì àti gúlúkóòsì ni mo to mọ́ọ̀tì sí. Tí ẹnì kan bá ní kí n ka nǹkan dídùn, mi ò ní rántí ẹ̀ rárá. Títí di òní, mo ń bi ara mi léèrè ohun tí Màámi fẹ́ sọ kí n tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn.

A padà sí Òkúkù. Mo kó ṣúgà ilé dànù tìbínútìbínú, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan dídùn sínú ògì Màámi mọ́. Mo ṣe bẹbẹ lọ́jọ́ náà. Mo wá wo oògùn tí wọ́n fún wa, mo ní hóró yìí le, ó lè gbẹ ẹ̀jẹ̀ tó kù lára ìyá mi. Mo sọ fún obìnrin ìjọ náà pé kó máa fún wọn ní mọ́ọ̀tì àti mílíìkì fi gbé oògùn náà mì, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí mo ṣe wí ló ṣe.

Ìjọ Aládùúrà ni Màámi ń lọ. Níbẹ̀, ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun kì í wọ bàtà, Màámi sì máa ń wọ tiwọn láti ilé, torí ilé ìjọ kò jìnnà. Ọjọ́ ìsìn kan, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rí ẹ̀jẹ̀ lórí ẹní. Ìṣó páànù ló wọ àtẹ́lẹsẹ̀ òsì Màámi. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wọ ìjọ, wọ́n ti jó, wọ́n ti kúnlẹ̀, wọn kò mọ̀. Ẹsẹ̀ tó mọ gbogbo òkúta ọ̀nà Ìbà, kò mọ ìgbà tí ìṣó wọ òun.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ náà, mo bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní kò dùn wọ́n rárá. Mo dúpẹ́. Mo ní ara Màámi mi ṣì le. Mo fi àdín pa á, mo fi aṣọ wé e, mo ṣí mọ́ọ̀tì. Kí ni mo tún fẹ́ mọ̀? Ohun tí kò dunni, a kì í kà á sí àìsàn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo gbọ́ òórùn kí n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ méjì sì ti dúdú.

Wọ́n gbé wa dé ọsibítù ńlá kan ní Òṣogbo. Dókítà wò ó, ó ní ọjọ́ ti lọ, pé bí wọn kò bá gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún, ẹ̀mí Màámi ló máa tẹ̀ lé e. Mo sunkún, mo nu ojú mi, mo wá rántí iṣẹ́ mi. Mo fa ìgò kan yọ nínú báàgì, mo ṣí i, mo gbé orí Màámi sókè.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dúró. Ọmọdé ni, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ àbígbẹ̀yìn mi.

"Mà, kí lẹ̀ ń fún wọn mu yẹn?"

"Mọ́ọ̀tì ni, ọmọ mi. Kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè pọ̀ kí ẹ tó ṣiṣẹ́ abẹ."

Kò pariwo. Ó rọra gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó yí i, ó sì fi ìka tọ́ka sí àwọn lẹ́tà wínníwínní kan lára ẹ̀. Lẹ́yìn omi, ṣúgà ló tẹ̀ lé e. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ta á, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ nìkan ni mo máa ń wò lára ẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń mu ún?"

Mo ní, "Ó ti pẹ́ díẹ̀." Díẹ̀!

Mo lọ bá dókítà lẹ́yìn náà, mo fẹ́ kó sọ fún mi pé kì í ṣe èmi. Èèyàn rere ni, ó gbìyànjú. Ó ní kì í ṣe mọ́ọ̀tì nìkan, pé ọjọ́ orí wà níbẹ̀, àti búrẹ́dì funfun, bísíkíìtì, mílíìkì dídùn, àti pé ẹni tó ti ń rìn tó wá jókòó gbáà, ṣúgà kì í rí ibi gbà jáde lára ẹ̀. Ó rò pé òun ń tù mí nínú. Mo ń fi ọkàn kà á bó ṣe ń sọ ọ́. Àfi ọjọ́ orí nìkan ni kì í ṣe èmi ni mo rà á. Àga pàápàá, èmi ni.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì Màámi.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo ṣì ń ta mọ́ọ̀tì, mi ò ní parọ́ pé mo ti kó o dànù, ilé sì ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo ti kó o kúrò láàárín mílíìkì àti gúlúkóòsì, ó ti wà pẹ̀lú àwọn míńrà ẹgbẹ́ ẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ rà á fún ìyá òun, mo máa ń béèrè pé ṣé wọ́n ti yẹ ìyá náà wò fún àtọ̀gbẹ. Obìnrin kan bínú, ó ní ṣé mò ń ṣépè fún ìyá òun ni, ó sì lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi. Mi ò bá a jà. Bí ẹnì kan bá dá mi dúró láyé ọjọ́un, mo mọ èébú tí mi ò bá bú u.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò tíì sọ ọ́ fún ni Màámi. Mo kàn ní dókítà ní kí wọ́n fi mọ́ọ̀tì sílẹ̀ ná. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọn kò sì bi mí ní nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, ìgbá àti ẹ̀fọ́ ni mo gbé lọ. Ọkọ̀ dúró ní Inísà, wọ́n na búrẹ́dì sí mi lójú wíńdò, mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màámi jókòó sórí ibùsùn, igi tí wọ́n fi ń tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n fọwọ́ wá inú àpò tí mo gbé wá, torí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́.

Wọ́n ní, "Ṣé ọjà ń tà báyìí?"

"Ó ń tà, Màámi."

Wọ́n wá ní kí n bẹ̀rẹ̀, kí n fa ẹrù kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Aṣọ funfun ìjọ wọn ló wà lókè. Lábẹ́ ẹ̀, tí wọ́n fi gèlè àtijọ́ wé, ni ìgò mọ́ọ̀tì kan wà tí ẹnikẹ́ni ò ṣí. Mo wo ọjọ́ ara ẹ̀, bí mo ṣe máa ń wò ó. Ó ti bàjẹ́ tipẹ́.

Màámi ní, "Ìgò yẹn ti wà níbẹ̀ kó o tó bínú nípa èèrà. Inú ń run mí lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò lè mu ún. Mo fi í pa mọ́ kó o má baà rí i. O wá bi mí, ẹ̀rù bà mí, mo fi orúkọ Ọlọ́run búra pé gbogbo ẹ̀ ni mo mu." Wọ́n fọwọ́ pa kùkùté ẹsẹ̀ wọn. "Mo ti rò ó títí ní Òṣogbo. Ìbúra èké yẹn ló gba ẹsẹ̀ mi. Àwọn ìyókù ni mo mu, ṣebí ìwọ náà ń rí ife. Èyí kan ṣoṣo ni mi ò mu. Dárí jì mí, ọmọ mi."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó wà lẹ́nu mi, gbogbo ẹ̀: èèrà, nọ́ọ̀sì Inísà, lẹ́tà wínníwínní ara ìgò. Mo di ìgò náà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Wọ́n gbé ojú tí kò ríran sókè sí mi, wọ́n ń dúró.

Mo ní, "Ó ti tán, Màámi. Mo ti dárí jì yín."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi.